Ọ̀nà Tí Fídíò Ń Tọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Olùwòran

Àwọn kan gbà pé ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì dé ni àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò, tí wọ́n sì ń pín in kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 1987, ní ìlú Àkírà ní orílẹ̀-èdè Gánà, William Akuffo fi kámẹ́rà fídíò lásán ya Zinabu, nítorí pé owó tí a fi ń ya sinimá gidi ti ga ju ohun tí apá àwọn òṣèré ìgbà náà ká lọ. Ní Kánò, Turmin Danya jáde ní èdè Haúsá ní ọdún 1990. Nígbà tí ó di ọdún 1992, Kenneth Nnebue, oníṣòwò ọmọ Ígbò tí ó ti kọ́kọ́ ń náwó sí fídíò àwọn òṣèré Yorùbá, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ígbò. Ìtàn tí a máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tí ó kó wá láti Táíwàn ni kò tètè tà. Ni ó bá rò ó pé bí eré bá wà nínú wọn, ọjà yóò yá. Bí àbùmọ́ tilẹ̀ wà nínú ìtàn náà, ó fi ohun kan hàn kedere: ẹni tí ń ta kásẹ́ẹ̀tì ni ó ṣílẹ̀kùn fún òṣèré.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá ni ọ̀nà tí àwòrán ń gbà dé ọ̀dọ̀ olùwòran ni ó ń pinnu ohun tí ayé yóò rí. Ní Ìdúmọ̀tà ní Èkó, àti ní Onitsha àti Aba, àwọn oníṣòwò ni adájọ́. Bí wọ́n bá ní eré kan kò ní tà, inú àpò ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò kú sí. Bí ó bá sì tà, àwọn olè aṣàdàkọ yóò ti dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì mìíràn kí ó tó pẹ́. Fídíò tí a rà ní Èkó yóò bá ọkọ̀ akẹ́rù dé Kótónù, yóò dé Àkírà, yóò dé Douala. Onílé yóò máa rẹ́rìn-ín, àlejò yóò máa rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó ṣe é kò sì ní rí kọ́bọ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2005 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Chad Hurley, Steve Chen àti Jawed Karim, dá YouTube sílẹ̀ ní Kalifọ́níà. Fídíò àkọ́kọ́ dé orí rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún náà. Ìṣẹ́jú àáyá 19 péré ni. Karim ni ó dúró níwájú àwọn erin nínú ọgbà ẹranko San Diego, ó ń sọ̀rọ̀ nípa bí ọwọ́jà wọn ti gùn tó. Kò sí ọgbọ́n kan tí a lè tọ́ka sí nínú rẹ̀. Agbára rẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi í síbẹ̀ kò tọrọ àyè lọ́wọ́ oníṣòwò kankan. Ní ọdún 2006 Google ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1.65 bílíọ̀nù dọ́là.

Ní Nàìjíríà, àwọn tí ó lè wò ó nígbà náà kò pọ̀. Fóònù alágbèéká ti gbòde láti ọdún 2001, ṣùgbọ́n láti fóònù sí fóònù ni fídíò ń gbà rìn. Kánò jìyà rẹ̀ ní ọdún 2007, nígbà tí fídíò ìkọ̀kọ̀ òṣèrébìnrin kan tàn káàkiri, tí ìjọba sì fòfin de fíìmù yíyà fún oṣù mélòó kan. Gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré ni ó ru ẹrù ohun tí wọn kò fi ọwọ́ ara wọn pín.

Ní nǹkan bí ọdún 2010, Jason Njoku ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó láti ra ẹ̀tọ́ fíìmù lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe wọ́n, ó sì ń fi wọ́n sórí YouTube fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń bẹ lẹ́yìn odi. Ní Port Harcourt, Mark Angel ń ya ẹ̀fẹ̀ kúkúrú, tí ọmọdébìnrin kan jẹ́ gbajúmọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2017 iye àwọn tí ń tẹ̀ lé e lórí YouTube kọjá mílíọ̀nù kan.

Èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ fara balẹ̀ wò jù ni ti Kàdúná. Àwọn ọ̀dọ́langba kan níbẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní The Critics Company, kò ní kámẹ́rà gidi. Fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni wọ́n fi ń yàwòrán; ọ̀pá ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi gbé e dúró. Wọ́n tọ́jú owó, wọ́n fi ra aṣọ aláwọ̀ ewé, wọ́n ta á sẹ́yìn òṣèré. Kọ̀ǹpútà ni yóò wá yọ gbogbo ibi tí ó jẹ́ àwọ̀ ewé kúrò, tí yóò sì fi àwòrán mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí ọmọ tí ó dúró nínú yàrá lè dà bí ẹni tí ó dúró nínú ìlú tí ogun ti fọ́. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wọn. Inú fídíò àwọn ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti kọ́ ọ, bí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Oṣù méje ni wọ́n fi ṣe Z: The Beginning, fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó jáde ní ọdún 2019. Kò sí oníṣòwò Ìdúmọ̀tà tí ì bá náwó sí i. Nígbà tí ìròyìn wọn kàn dé Amẹ́ríkà, J. J. Abrams tí ń darí sinimá wà lára àwọn tí ó fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun náà ní onílé tirẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, YouTube pàṣẹ pé ẹni tí yóò bá gba owó ìpolówó gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ń tẹ̀ lé e, kí a sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù méjìlá. Bí olùkọ́ kan ní Jọ́ọ̀sì bá ya ẹ̀kọ́ ìṣirò síbẹ̀ ní èdè àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó ní igba ènìyàn tí ń tẹ̀ lé e, fídíò rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni yóò sì lè wò ó. Owó ìpolówó kan kò ní tọ̀ ọ́ wá, kò sì sí ọ̀gá ọjà kan nítòsí tí ó lè lọ bá dúnàá-dúrà.