Iná Tí Mítà Ò Kà

Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà tilẹ̀kùn mọ́ aráyé, mítà iná sọ ìtàn rẹ̀ kedere. Ní Ítálì, tí òfin kónílé-ó-gbélé ti le gan-an, iná tí wọ́n ń lò já wálẹ̀ tó bí ìdá kan nínú márùn-ún láwọn ọ̀sẹ̀ kan, torí iléeṣẹ́ ti tì. Ti Japan ní 2011 yàtọ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, iná ni ò tó. Lẹ́yìn jàǹbá Fukushima, ìjọba pàṣẹ káwọn iléeṣẹ́ ńlá agbègbè Tokyo dín iná wọn kù ní ìdá 15 nínú 100 lásìkò ooru.

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ńkọ́? Mítà ò rí nǹkan kan kà ní 2020 yẹn. Kì í ṣe pé a ò fẹ́ iná o! Ó ti lé lọ́dún márùn-ún nígbà náà tí iná NEPA (a ò tíì yé pè é bẹ́ẹ̀) ti pòórá ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò. Kòrónà ò lè dín ohun tí kò sí kù. Iléèwé tì, àwọn ọmọ wà nílé, fóònù sì gbọ́dọ̀ ní ṣájì. Inú jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí, ta ló sì ń ka ìyẹn?

Èyí tó ń dunni jù ni Ọmọ́tóṣọ̀ọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ló wà. Ibẹ̀ ni Ọbásanjọ́ ti ṣí iléeṣẹ́ amúnáwá tó ń lo gáàsì lọ́dún 2007, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 335 mẹ́gáwáàtì. Wọ́n tún kọ́ èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iná ń jáde níbẹ̀, ó ń gba orí wáyà ńlá lọ sọ́nà jíjìn.

Nígbà tó wá di May 29, 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ ò tó ₦200 kọjá ₦480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. L'Ékòó, ẹni tó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣì lè padà sórí iná NEPA, kí mítà sì kà á. Lọ́dọ̀ wa, télọ̀ tó bá pa tirẹ̀ á kó aṣọ oníbàárà sílẹ̀ ni, á máa retí ẹni tó ní sólà.