Ife Fàdákà Ṣọ́ọ̀ṣì Wa: Ẹ Yí Ìdí Rẹ̀ Wò Ná



Nígbà tí mo wálé lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ife kómúníọ̀nù àtijọ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe pàṣípààrọ̀ fún tuntun tó ń dán, torí pé èyí ti dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn irú ife bẹ́ẹ̀ fún yín ná.

Kí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ya kúrò lábẹ́ Póòpù, àlùfáà nìkan ló ń mu wáìnì Máàsì. Ife rẹ̀ kéré, wọ́n sì sábà máa ń fín àwòrán Jésù lórí àgbélébùú sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àtúnṣe ìsìn dé, gbogbo ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu nínú ife; ife kékeré ò tó mọ́. Ìjọba Ọba Edward Kẹfà kó ọ̀pọ̀ fàdákà ṣọ́ọ̀ṣì lọ ní 1553. Láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, wọ́n yọ́ púpọ̀ nínú èyí tó kù, wọ́n fi rọ ife ńlá. Àwòrán àgbélébùú ò sí lára ìyẹn mọ́, ewé lásán ni wọ́n sábà ń fín yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ife tó ṣáájú ìgbà náà fi ṣọ̀wọ́n lónìí.

Lẹ́yìn 1830, ọ̀ṣọ́ padà dé. Pugin tó ń ya àwòrán ilé àti John Hardman ti Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ife bíi ti àtijọ́. Láàárín ìgbà yẹn náà ni àwọn míṣọ́nnárì CMS dé Abẹ́òkúta, ní 1846. Lára ife ìgbà náà, ẹ lè rí èso àjàrà àti àlìkámà, ìyẹn wáìnì àti búrẹ́dì. Ẹ lè rí ẹyẹ pélíkánì tó ń fi ẹnu gún àyà ara rẹ̀: ìgbàgbọ́ àwọn ará àtijọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fi ń bọ́ ọmọ, ni wọ́n bá fi ṣàpẹẹrẹ Jésù. Ẹ lè rí IHS pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń sọ pé "I Have Suffered" ni. Rárá o! Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orúkọ Jésù lédè Gíríìkì ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ yí ife náà, kẹ́ ẹ wá òǹtẹ̀ kéékèèké. Kìnnìún tó ń rìn túmọ̀ sí pé 925 nínú 1000 jẹ́ ojúlówó fàdákà. Orí ẹkùn, London nìyẹn. Ìdákọ̀ró, Birmingham ni. Lẹ́tà kan á sọ ọdún rẹ̀. Tó bá jẹ́ EPNS lẹ rí, fàdákà kàn bò ó lójú ni, iṣẹ́ tí Elkington gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1840. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun ìjùnù. Bí orúkọ ẹni tó fi í tọrẹ bá wà lára rẹ̀, ìtàn ìlú wa nìyẹn.

Dúdú tó dúdú ò ní kó ti bàjẹ́. Imí ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe fàdákà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi eérú tàbí yanrìn bó o, á pa ọ̀ṣọ́ rẹ̀ rẹ́. Aṣọ tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ bá wa bẹ àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n dúró díẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sórí WhatsApp wa. Tuntun ò ní tán lọ́jà. Èyí tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ìlú wa á máa gòkè o. Àṣẹ.