Yàrà Kétu àti Kòtò Onigbolo: Kí Ni Ilé Tútù Ń Gbà Lọ́wọ́ Ilẹ̀ Wa?

Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ páànù lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí à ń sọ: ooru ń lé wa jáde nínú ilé. Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń dí ooru lọ́nà, àti ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ná ilẹ̀.

Àwọn bàbá wa gbẹ́ amọ̀ nítòsí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Ògiri náà nípọn. Kí ooru ọ̀sán tó là á kọjá, ilẹ̀ ti ṣú. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín koríko òrùlé náà kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni odi Kétu. Erùpẹ̀ tí wọ́n wú nínú yàrà ni wọ́n fi mọ ọ́n, Àkábà Ìdènà sì ń jẹ́rìí títí dòní. Ní 1886, ogun Dahomey fọ́ ìlú, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Abomey. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey, àwọn tó kù padà wálé ní àwọn ọdún 1890, wọ́n sì tún ìlú kọ́. Amọ̀ ilé tó wó kì í ṣòfò: ẹ bu omi sí i, ẹ tún un pò.

Àmọ́ a kò ní purọ́. Kòtò amọ̀ ń gba omi òjò, ẹ̀fọn ń pamọ sí i. Òrùlé koríko sì tètè ń gbiná.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Onigbolo, nítorí òkúta ẹfun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ dé, ilé alágbára dé. Ṣùgbọ́n iná bí 1450 dígírì ni wọ́n fi ń sun sìmẹ́ǹtì. Òkúta fúnra rẹ̀ ń tú èéfín: bí kílò 100 òkúta ẹfun bá jóná tán, kílò 44 ló ń di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń mú ayé gbóná. Kòtò ibẹ̀ kò sì ṣeé fi ẹsẹ̀ pò padà.

Síbẹ̀, búlọ́ọ̀kù oníhò àti páànù kò dí ooru tó ògiri amọ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n ń fi fómù tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe, tàbí òwú gíláàsì tí wọ́n yọ́ nínú iná, dí ooru àti òtútù. Ìyẹn náà ní èéfín tirẹ̀.

A kò ní kí ẹ ju sìmẹ́ǹtì nù. Ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀, níbi tí omi ń gbà jẹ ògiri. Ẹ jẹ́ kí amọ̀ ru ìyókù, kí ẹ fi àjà sábẹ́ páànù. Ẹni tó bá sì wa kòtò, yálà bíríkìlà ni tàbí ilé iṣẹ́ ńlá, kó dí i.

Ta ló ṣì ń gbé ilé amọ̀ bàbá rẹ̀? Ẹ sọ fún wa bó ṣe rí lọ́sàn-án.