Ọ̀nà Dákà: Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Dàhòmì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Òyìnbó

Akẹ́kọ̀ọ́ Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ tí ó bá fẹ́ di dókítà lónìí mọ ọ̀nà tí yóò tọ̀: yóò kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní lycée, yóò yege nínú ìdánwò baccalauréat, yóò sì wọ yunifásítì ní ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìjọba là sílẹ̀ fún ọmọ Dàhòmì. Ó gba orí òkun kọjá, Dákà ni ó sì já sí. Àwọn tí ó tọ̀ ọ́ dé òpin kò gba oyè dókítà. Médecin auxiliaire ni wọ́n pè wọ́n, èyí ni oníṣègùn olùrànlọ́wọ́. Orí ọ̀rọ̀ kékeré yìí, auxiliaire, ni mo fẹ́ kí a dúró lé díẹ̀.

Ọdún 1918 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ti jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ilẹ̀ Faransé sì tún ń wá ọmọ ogun ní Áfíríkà. Blaise Diagne, tí ó ń ṣojú Senegal ní ilé aṣòfin ní Parí, ni wọ́n rán níṣẹ́ náà. Kí ó má baà lọ bá àwọn òbí ní ọwọ́ òfo, ìjọba fi ọwọ́ sí àwọn àṣẹ kan ní oṣù kìíní ọdún náà. Ìdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dákà wà lára wọn. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé ẹ̀bùn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Aristide Le Dantec ni ó kọ́kọ́ darí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ oníṣègùn, ọdún mẹ́ta ni ti apòògùn àti ti agbẹ̀bí.

Kí ọmọkùnrin tó dé ibẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ gba Àjàṣẹ́ kọjá, ní ilé-ẹ̀kọ́ Victor Ballot tí a mọ̀ sí Lycée Béhanzin lónìí. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jùmọ̀ ń ṣe. Ẹni tí ó bá yege a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí William Ponty ní erékùṣù Gorée. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni Ponty, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pèsè àwọn akọ̀wé ìjọba àti àwọn tí yóò lọ kọ́ ìṣègùn. Ní 1938 ni ó kó lọ sí Sébikotane. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò sin ìjọba fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi ọwọ́ sí i kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa iṣẹ́ tí ó fi ọdún mẹ́wàá ayé rẹ̀ dúró fún.

Ti àwọn obìnrin tún yàtọ̀. Ọmọbìnrin tí ó lọ sí ilé-ìwé kò pọ̀ nígbà náà, àfi ní etí òkun, ní Àjàṣẹ́ àti Wídà, níbi tí àwọn sísítà ti ní ilé-ẹ̀kọ́, tí àwọn ìdílé Àgùdà sì ti ń rán àwọn ọmọbìnrin wọn lọ. Àwọn kan lára wọn ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Dákà láti kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ẹ wo ọmọbìnrin kan tí ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí ó padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, àmọ́ tí kò tíì bímọ rí. Ta ni ó bá nílé? Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti gba ẹ̀bí ìyá rẹ̀ àti ti òun fúnra rẹ̀. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nísinsìnyí ìjọba sọ pé ọmọdé yìí ni kí ó tún orí náà ṣe. Síbẹ̀ ewu tí ó wà nínú ìbímọ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Òun ni a fi ń kí abiyamọ pé ẹ kú ewu. Nínú ewu náà ni àgbà àti ọmọdé ti pàdé, ó sì dá mi lójú pé bí àwọn méjèèjì ṣe kọ́ láti gba ara wọn láyè kò sí nínú ìwé Dákà kankan.

Nípa ti auxiliaire: ìwé ẹ̀rí Dákà kò fún ẹni tí ó ni ín láṣẹ láti ṣe ìṣègùn ní ilẹ̀ Faransé. Abẹ́ dókítà Faransé ni ó wà, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ti ọ̀gá náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rán an lọ sí ìgbèríko tí ọ̀gá kò sí nítòsí, òun nìkan ni ó ń dojú kọ ìgbóná, ibà àti ọgbẹ́. Dókítà ni àwọn aláìsàn ń pè é. Ní àárín àwọn ọdún 1940, wọ́n yí orúkọ náà padà sí médecin africain. Ó dùn létí ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí náà kò kúrò ní ipò rẹ̀.

Ní òdì kejì ààlà, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tiwọn sílẹ̀ ní Yábàá ní 1930, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ náà kò sì tó ti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábàá ní 1934 lórí ètò kan náà, ìbínú sí i ni ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà. Kétu àti Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ìjọba kan náà kí ààlà tó pín wọn, wá di ibi tí ọmọ ìyá méjì ti lè lọ kọ́ ìṣègùn ní èdè méjì, kí àwọn méjèèjì sì padà wálé gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́.

Félix Houphouët-Boigny jáde ní Dákà ní 1925. Émile Derlin Zinsou, ọmọ Wídà, tẹ̀lé e lẹ́yìn ìgbà náà, Justin Ahomadégbé sì kọ́ ìtọ́jú eyín níbẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó padà di olórí orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa ní 1953, Dákà di yunifásítì ní 1957, Dàhòmì sì ní tirẹ̀ ní 1970. Kí ó tó dìgbà náà, àwọn kan lára àwọn oníṣègùn àtijọ́ ti wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, lọ sí ilẹ̀ Faransé. Wọ́n jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó kéré sí wọn púpọ̀, láti gba oyè dókítà tí àwọn aláìsàn wọn ti fi ń pè wọ́n tipẹ́.