Àmì Ọwọ́ Aláìmọ̀wé àti Òfin Ní Èkó

Ó tọ́ lójú wa kí a rán ara wa létí ọ̀ràn kan tí ó kan gbogbo agbo ilé tí ó ní ilẹ̀, èyí ni bí òfin ti ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé nígbà tí òun àti ọ̀mọ̀wé bá jọ ṣe àdéhùn.

Ní ayé àwọn baba wa, ọ̀ràn ilẹ̀ kò ní ìwé nínú. Bí ìdílé bá fún àlejò ní ilẹ̀, níṣojú ẹlẹ́rìí ni, àlejò náà a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ láti fi hàn pé òun mọ onílẹ̀. Olùfúnni àti olùgbà ń sọ èdè kan náà, kò sì sí ohun tí ó fara sin fún ẹnì kan nínú wọn. Ìwé ni ó yí èyí padà.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jùlọ ni ti ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ní ọjọ́ náà ni Ọba Dòsùnmú àti ìjòyè mẹ́rin fi àmì àgbélébùú sí ìwé àdéhùn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, pé a fi èbúté àti erékùṣù Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Ọkọ̀ ogun Prometheus ti wà lórí ọ̀sà, a sì ti fi ìbọn dẹ́rù ba Ọba. Ìlú kò tíì gbàgbé bí àgbá ti dún lù wá ní ọdún 1851. Ní oṣù kejì ọdún 1862 ni a dá owó ọdọọdún fún Ọba, ẹgbẹ̀fà àpò owó ẹyọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà tí Ọba àti àwọn ìjòyè fi kọ̀wé sí Ọbabìnrin láti fi ẹ̀hónú hàn. Ta ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ Èkó kì í ṣe ti Ọba nìkan, pé àwọn Ìdẹ́jọ onífìlà funfun ni ó ni ín?

Ọgọ́ta ọdún ni ó gbà kí ilé ẹjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ní ọdún 1913 Ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ni àwọn yóò sanwó fún. Àwọn ilé ẹjọ́ níhìn-ín gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, kò gbà. Ní ọdún 1920 òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù keje ọdún 1921, ilé ẹjọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba, tí wọ́n ń pè ní Privy Council, dájọ́ pé àdéhùn ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, àti pé owó ilẹ̀ náà ní kíkún ni kí a san. Ilé ẹjọ́ kò fa ìwé àdéhùn náà ya. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ìwé náà gba ju ohun tí ó yẹ kí ó gbà lọ. Ìjọba ìlú kọjá sọ́wọ́ Ọbabìnrin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò kọjá.

Èyí jẹ́ ti ìlú lápapọ̀. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Ní ọdún 1915 ni a ṣe òfin ìdáàbòbò aláìmọ̀wé ní Nàìjíríà. Òfin náà pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ lẹ́tà tàbí ìwé mìíràn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Bí ó bá ti kọ ọ́, ó ti jẹ́wọ́ pé aláìmọ̀wé náà ni ó rán òun, pé ohun tí ó sọ gan-an ni òun kọ, pé òun kà á fún un, òun sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ ìka, àti pé ìka rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá tàpá sí i jẹ̀bi. Ní ọdún 1959, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òǹkọ̀wé tí kò pa òfin yìí mọ́ kò lè fi ìwé bẹ́ẹ̀ jàre aláìmọ̀wé, ṣùgbọ́n aláìmọ̀wé lè lò ó fún àǹfààní ara rẹ̀.

Kí a má ṣe tìtorí èyí sùn o. Òfin náà kò kan ìwé tí agbẹjọ́rò bá kọ nídìí iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá sọ pé òun kò mọ̀wé ni yóò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Títí di òní, àwọn àgbà ẹbí kan ṣì ń tẹ ìka sórí ìwé ilẹ̀ nítorí pé a fi ọ̀yàyà bá wọn sọ̀rọ̀, ọmọ kò sí nílé, owó sì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ń bẹ̀rẹ̀, tí owó tí a gbà kò sì ní tó owó ẹjọ́.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ olúkúlùkù ilé. Kí àgbà kankan má ṣe dá nìkan tẹ ìka. Kí a kọ́kọ́ ka ìwé náà ní èdè Yorùbá níṣojú àwọn ọmọ tí ó mọ̀wé, kí ẹni tí ó kà á sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ohun tí a kò ráyè bi léèrè ní ọdún 1861, a ráyè bi í lónìí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.