Èsúsú Òmìnira àwọn Nàgó ní Bahia

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé Àjàṣẹ́, tí ó rí Mọ́sálásí Ńlá àtijọ́ ìlú náà, lè rò pé ilé ìjọsìn àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni. Ilé gogoro méjì ni ó wà níwájú rẹ̀, àwọ̀ mèremère ni a fi kùn ún, ọnà ara ògiri rẹ̀ sì jọ ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Salvador ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Àwọn Àgùdà Mùsùlùmí ni wọ́n kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Orúkọ Potogí ni ìdílé wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn, tí a kó lẹ́rú kọjá òkun, tí wọ́n sì padà wálé. Ìtàn bí wọ́n ṣe padà dé ni àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ lẹ́nu: báwo ni ẹrú, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìní ẹlòmíràn, ṣe rí owó tí ó fi ra ara rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dá nìkan rí owó náà. Èsúsú ni wọ́n dá.

Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń wó lọ, tí ogun kò jẹ́ kí ojú ó wọ oorun, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì sì ń ya wọ àwọn abúlé Kétu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a kó gba Wídà, Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó lọ sí Bahia. Nàgó ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, orúkọ tí wọ́n ṣì ń pe Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀ títí di òní. Nígbà tí yóò fi di 1835, kò sí ẹ̀yà Áfíríkà mìíràn tí ó pọ̀ tó wọn ní Salvador. Ààfáà wà nínú wọn, babaláwo wà, àgbẹ̀ wà. Ọmọ aládé pẹ̀lú kò gbẹ́yìn: ilé òrìṣà kan ní Salvador ń jẹ́ Alákétu, ìdílé tí ó ni ín sì gbà pé ọmọ ilé Aró, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọba Kétu, ni obìnrin tí ó dá a sílẹ̀. Ọjà kan náà ni a ti tà gbogbo wọn.

Ẹrú ìgboro kò jọ ẹrú oko ìrèké. Ọ̀gá a máa rán an jáde lọ wá iṣẹ́, iye kan pàtó ni yóò sì máa kó wálé fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tí ó bá lé lórí rẹ̀ di ti ẹrú. Àwọn ọkùnrin ń ru àgbá ọtí àti àpò ṣúgà láti èbúté gun òkè ìlú, wọ́n sì ń gbé àwọn olówó kiri lórí àga. Àwọn obìnrin ń dín àkàrà, wọ́n ń kiri ọjà. Àwọn aláàárù pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ní oríta kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, ẹrú àti ẹni tí ó ti gba òmìnira sì jọ ń jókòó síbẹ̀ de ẹrù. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni èsúsú ń fẹ́.

“Junta” ni wọ́n ń pè é ní èdè Potogí. Manuel Querino, ọmọ Bahia aláwọ̀ dúdú tí a bí ní 1851, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ohun tí ó kọ ní 1916 nípa àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí gbogbo wọn bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n fi ṣe olórí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àpótí owó ń gbé. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pàdé láti gba owó, láti kà á, kí wọ́n sì yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tí ó yá wò. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé Potogí kọ. Igi kékeré ni ó dúró fún ìwé: wọn a fi ọ̀bẹ gé àmì sí i lára fún iye tí oníkálùkù dá. Ẹni tí ó bá yá owó láti fi gba ìwé òmìnira a máa san án padà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú èlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí. Ẹni tí ó yá owó ti di olómìnira lọ́jọ́ tí ìwé rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹrú kò lè dá pè é lẹ́jọ́, àmì ara igi kì í sì í ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́ òyìnbó. Bí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Rio de Janeiro, tàbí tí ó kọjú sí Áfíríkà, àpótí a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ẹni tí ìpín tirẹ̀ kàn lè kú sínú ẹrú. Ohun tí ó dè é kò ju ojú tí yóò fi wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ àwọn àpótí wọ̀nyí tọ́jọ́. Obìnrin tí ó ti gba ara rẹ̀ lánàá yóò tún jí ní kùtùkùtù gbé àwo àkàrà rẹ̀ rù, nítorí pé òmìnira ẹlòmíràn wà nínú gbèsè tí ó kù lọ́rùn rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn. Àwọn Nàgó kan gba òmìnira tán, wọ́n ra ẹrú tiwọn. Àwọn kan padà dé etí òkun yìí, wọ́n sì di oníṣòwò ẹrú. Ìdílé Àgùdà tí ó bá ń pìtàn láìfi èyí kún un, àbọ̀ ìtàn ni ó ń pa. Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ni ó fi iyì àwọn tí ó dúró ti àpótí hàn, torí ọ̀nà mìíràn là sílẹ̀ níwájú wọn, èrè sì wà nínú rẹ̀.

Láàárín àwọn Mùsùlùmí, Tápà kan tí ń jẹ́ Luís Sanim, tí òun náà jẹ́ ẹrú, ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: apá kan ra aṣọ tí wọ́n fi ń rán ẹ̀wù ìjọsìn, apá kan lọ sínú owó ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá ń gbà, ìyókù di owó ìwé òmìnira. Ààfáà àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Ìmàle yìí, Nàgó ni. Pacífico Licutan ni àwọn òyìnbó ń pè é. Bilal ni ó sọ fún adájọ́ pé òun ń jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kó owó jọ tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ, oníṣègùn kan, pé kí ó gbà á kí ó sì fi bàbá sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kọ̀. Òfin kò sì fi dandan mú un. Ní oṣù kọkànlá 1834, nítorí gbèsè tí ọ̀gá yìí jẹ, wọ́n ti Licutan mọ́ túbú, wọ́n fẹ́ fi í lu gbàǹjo. Àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ kí i níbẹ̀, àwọn mìíràn ń kúnlẹ̀ gba àdúrà.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835, nínú ààwẹ̀ Ramadan, nǹkan bí 600 ènìyàn dìde. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù ni túbú tí Licutan wà. Ohun tí owó wọn kò rà, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀mí wọn gbà á. Wọn kò rí i mú jáde. Nǹkan bí 70 nínú wọn ni ó kú. Licutan, tí ó wà nínú àhámọ́ ní gbogbo òru náà, ni wọ́n dá 1,200 pàṣán fún.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Bahia lé ọ̀pọ̀ olómìnira kúrò nílùú, tí wọ́n sì bu owó orí lé àwọn tí ó kù, 10,000 réis lọ́dún. Ìgbà náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń padà sí Wídà, Àgúẹ́, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn tí kò lọ ń bá èsúsú wọn nìṣó. Ní oṣù kẹfà 1857, ìlú Salvador pàṣẹ pé kí aláàárù kọ̀ọ̀kan san owó, kí ó so àmì irin mọ́ ọrùn, kí olómìnira sì wá onídùúró. Ẹrù dúró sí èbúté. Nígbà tí wọ́n fagi lé owó náà, àmì ọrùn àti ọ̀rọ̀ onídùúró ṣì wà. Ẹrú kò nílò onídùúró, ọ̀gá rẹ̀ ni ó dúró fún un. Síbẹ̀ ẹrú àti olómìnira jọ jókòó sílé, iṣẹ́ èbúté kò sì bọ̀ sípò títí ó fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1871 ni òfin Bràsíìlì tó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ pé ẹrú tí ó bá ní iye owó ara rẹ̀ lọ́wọ́ lè gba òmìnira, ọ̀gá fẹ́, ọ̀gá kọ̀. Ó ti lé ní ọdún 36 nígbà náà tí àwọn Ìmàle ti gbé owó Licutan dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá rẹ̀.