Ọdún tí Olórin Kọ̀yà: Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Star Records

Àgbẹ̀ tábà ní Ìsẹ́yìn yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló gbin tábà, òun ló ṣá ewé rẹ̀, òun ló sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé bá dé iwájú ilé-iṣẹ́ tó ń rà á, ilé-iṣẹ́ ni yóò sọ pé èyí dára, èyí kò dára, òun náà ni yóò sì dá iye lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ olórin Yorùbá rí fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin òkèèrè.

Ní 1969, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ ti dìde sí ìjọba lórí owó-orí, Àgbẹ̀kọ̀yà ni wọ́n sì pe ara wọn. Ọdún yẹn kan náà ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, àti I.K. Dairo, olórin jùjú, para pọ̀ dá Star Records sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kà á sí ilé-iṣẹ́ àwo àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ ti àwọn olórin fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ta ló ṣe àkọ́kọ́ kò jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ọdún mẹ́ta gbáko ló kù kí ìjọba ológun tó gbé òfin 1972 jáde, èyí tó fi dandan lé e pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú iléeṣẹ́ àwọn òyìnbó. Àwọn méjì yìí kò dúró de ìjọba.

Wọn kì í ṣe aláìní tí ebi lé síta. Dairo ti gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1963. Ní ti Hárúnà, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. 1948 ló kọ́kọ́ kọrin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ HMV, orin nípa Ọba Adébóyè, Orímolúsì ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Hárúnà kò jókòó sílé kó máa káàánú ara rẹ̀. Òde ìnáwó kan sí òmíràn ni, títí àwọn olówó fi ń wá a kiri. Nígbà tí ó tún orin Orímolúsì náà kọ ní 1955, gbogbo ènìyàn gbọ́. Kò mú gìtá tàbí fèrè òyìnbó wọ inú rẹ̀: gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agídìgbo, agogo àti ohùn rẹ̀ tí kì í kánjú, ó tó.

Ṣùgbọ́n lóde ìnáwó, olórin a máa rí owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú, a sì lè kà á. Ti àwo kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó gba ohùn sílẹ̀ ló ni téèpù àkọ́kọ́, òun ló ń tẹ àwo, òun ló sì ń ka iye tó tà. Ìwọ̀nba ni yóò bù fún ẹni tó kọrin. Òfin pàápàá kò ran olórin lọ́wọ́: òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1911 ni Nàìjíríà ṣì ń lò títí di 1970.

Ẹ wo àwo Òrokí Social Club, tí Hárúnà fi yẹ́ ẹgbẹ́ kan sí ní Òṣogbo ní 1971. Wọ́n ní ó tà ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Èmi tí mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìròyìn kì í gba irú iye bẹ́ẹ̀ láìrí ìwé, ṣùgbọ́n ìdí gan-an nìyẹn tí olórin fi gbọ́dọ̀ ní ìwé ìṣirò tirẹ̀. Sunny Adé náà kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ní àárín àwọn ọdún 1970, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Hárúnà kò dúró síbẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó kọ́ Phonodisk, ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó ní ẹ̀rọ onípa mẹ́rìnlélógún, níbi tí ohùn àti ìlù kọ̀ọ̀kan ti lè ní ipa tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó ló kọ́ ọ sí, kì í ṣe Èkó. Àwa tí a ti ìlú bíi Ṣakí wá, tí a ti gbọ́ ọ títí pé Èkó nìkan ni iṣẹ́ ti lè yọrí, kò yẹ kí a fojú kéré ìyẹn.

Ó kú ní 1983. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti gba ọjà, ẹni tó bá ti ní ẹ̀rọ méjì ti di ilé-iṣẹ́ orin. 1988 ni ìjọba tó ṣe òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà. Ní 2000, Músílíù, ọmọ Hárúnà, gbé Sóyòyò jáde, àwọn ọmọdé tí wọn kò mọ bàbá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó àpàlà.